Lórí Sìpàgẹ́tì Odidi Àlìkámà àti Bí A Ṣe Ń Sè É

Sí Olóòtú,

Mo kí ẹ̀yin àti gbogbo òṣìṣẹ́ ìwé ìròyìn yín, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú èdè wa. Ìyá ilé ni mí, mo sì fi ọdún 31 kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní oúnjẹ sísè àti ìtọ́jú ilé kí n tó fẹ̀yìntì. Mo máa ń ka ojú ìwé tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ oúnjẹ ní gbogbo ìgbà tó bá jáde. Ohun tó mú mi kọ̀wé sí yín ni ọ̀rọ̀ kan tí mo ń gbọ́ lemọ́lemọ́ lẹ́nu àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ọjà àti níbi àpèjẹ, pé sìpàgẹ́tì tí wọ́n fi odidi àlìkámà ṣe, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ṣú ju ti funfun tí a mọ̀ lọ, oúnjẹ aláìsàn ni, pé ó ń rí ṣákiṣàki lẹ́nu bí iyanrìn, àti pé ẹni tí dókítà kò bá fi ipá lé lọ́wọ́ kò ní ìdí kan láti fi owó rẹ̀ rà á. Èmi gbà pé púpọ̀ nínú ẹ̀sùn tí a fi ń kan oúnjẹ yìí, ọwọ́ àwa tí a ń sè é ló wà, nítorí a gbé e sínú ìkòkò bí ẹni pé sìpàgẹ́tì funfun ni, bẹ́ẹ̀ ìwà àwọn méjèèjì lórí iná kò jọra rárá.

Ọdún kẹta rèé tí oúnjẹ yìí ti wọ ilé wa. Dókítà ló sọ fún baba àwọn ọmọ mi pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń gòkè, pé kò tíì di àtọ̀gbẹ ṣùgbọ́n ó ti ń sún mọ́ ọn, àti pé kí ó dín oúnjẹ tí wọ́n ti bó èèpo ara ọkà rẹ̀ dànù kù, kí ó máa jẹ èyí tí èèpo rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù gbọ́ sí i, nígbà tó sì wálé lọ́dún náà, ó kó ọ̀rá mẹ́fà sìpàgẹ́tì odidi àlìkámà wá fún wa. Mo sè é lọ́jọ́ kejì gan-an bí mo ti máa ń se ti funfun láti ìgbà tí mo ti ń dáná. Mo bọ̀ ọ́ nínú omi tí kò pọ̀, mo dà á sínú ajere, mo fi omi tútù ṣàn án, mo dà á sínú ata tó ń hó, mo sì dé e pa fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 kí ata lè wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tí mo ṣí ìkòkò náà, ó ti já wẹ́wẹ́, ara rẹ̀ ti rọ̀ bí ẹ̀kọ, síbẹ̀ ó ṣì ń rí ṣákiṣàki nínú ẹnu. Baba wọn jẹ ṣíbí mẹ́rin, ó dúpẹ́, ó sì ní kí n jọ̀wọ́ ro àmàlà fún òun. Àwọn ọmọ ọmọ mi kò tilẹ̀ jẹ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé fún odindi oṣù méjì lẹ́yìn ọjọ́ náà ni ọ̀rá márùn-ún yòókù fi wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí n kò fọwọ́ kàn wọ́n, tí èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi kọ́ni ní oúnjẹ sísè sì ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé oúnjẹ náà kò dára. N kò tíì ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ọ̀rá náà nígbà tí mo ń sọ bẹ́ẹ̀.

Kí n tó sọ bí mo ṣe wá ń sè é báyìí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó yàtọ̀ nínú rẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá mọ ohun tó wà nínú oúnjẹ kò lè mọ ìdí tí ó fi ń ṣe bí ó ti ń ṣe lórí iná. Ẹnikẹ́ni tó bá ti sẹ́ ògì rí yóò tètè lóye ọ̀rọ̀ yìí. A ó rẹ àgbàdo, a ó lọ̀ ọ́, a ó fi aṣọ sẹ́ ẹ. Èyí tó bá jò sí ìsàlẹ̀ tó sì tòrò ni a ń pè ní ògì, èyí tó bá kù sórí aṣọ ni eèrí, ewúrẹ́ àti adìẹ ni a sì ń kó eèrí fún. Ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń lọ àlìkámà ń ṣe náà nìyẹn, àfi pé ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn. Hóró àlìkámà kan pín sí ọ̀nà mẹ́ta: èèpo ara rẹ̀, tí í ṣe nǹkan bí ìdá 14 nínú 100, ojú tí ọ̀mùnú ti ń yọ bí a bá gbìn ín, tí kò ju bí ìdá 3 lọ, àti inú funfun, tí ó kó gbogbo ìyókù. Inú funfun yìí nìkan ni wọ́n ń lọ̀ hóróhóró bíi sèmó, tí wọ́n sì fi ń ṣe sìpàgẹ́tì tí gbogbo wa mọ̀. Èèpo náà kì í ṣègbé o. Àwọn tó ń sin adìẹ mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí wọ́n ń rà á ní àpò-àpò láti fi pò mọ́ oúnjẹ adìẹ, dùsà ni ọ̀pọ̀ ń pè é. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ náà ti rí: ibi tí fáíbà, ìyẹn okun inú oúnjẹ tí kì í dà nínú ikùn, pọ̀ sí jù, tí fítámì B àti mágnísíọ̀mù àti áyọ́ọ̀nù (èròjà irin) pọ̀ sí jù nínú hóró náà, òun ni a ń yọ fún adìẹ, tí àwa sì ń jẹ èyí tó ṣẹ́ kù.

Adìẹ náà ló sì kọ́kọ́ fi ìyàtọ̀ yìí han aráyé. Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, dókítà ará Nẹ́dálándì kan tó ń jẹ́ Christiaan Eijkman ń ṣiṣẹ́ ní Batavia, ìlú tí a mọ̀ sí Jàkátà lónìí, ní erékùṣù Java. Ó ń wá ìdí àìsàn kan tó ń sọ ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn di aláìlágbára títí tí yóò fi pa wọ́n. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn adìẹ tó wà lọ́gbà ilé ìwòsàn náà ń ṣe irú àìsàn yẹn, ẹsẹ̀ wọn kò gbà wọ́n mọ́. Ìrẹsì funfun tó ṣẹ́ kù ní ilé ìdáná àwọn ológun ni wọ́n ń dà fún wọn. Nígbà tí wọ́n yí oúnjẹ wọn padà sí ìrẹsì tí wọn kò bó awọ ara rẹ̀ dànù, ara àwọn adìẹ náà le. Ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ dájú pé ohun kan tó wà nínú awọ náà, tí a wá ń pè ní fítámì B1, ni àìsí rẹ̀ ń fa àìsàn ọ̀hún, wọ́n sì fún Eijkman ní ẹ̀bùn Nobel pẹ̀lú Frederick Gowland Hopkins ní ọdún 1929. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ó sì yà mí lẹ́nu pé mo sọ ọ́ fún ọdún tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láìrò ó kan ìkòkò ara mi.

Ọ̀pọ̀ ìjọba ti rí i pé ìyẹ̀fun tí a bó ti pàdánù nǹkan, wọ́n sì ṣòfin kí a dá díẹ̀ padà sínú rẹ̀ tàbí kí a fi èròjà mìíràn kún un. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1998 lórí búrẹ́dì àti ìyẹ̀fun sọ pé ìyẹ̀fun tí kì í ṣe ti odidi gbọ́dọ̀ ní kálísíọ̀mù, áyọ́ọ̀nù àti irú fítámì B méjì tí a fi kún un; ní Nàìjíríà tiwa, láti ọdún 2002 ni wọ́n ti fi dandan lé e pé kí a máa fi fítámì A sínú ìyẹ̀fun. Àwọn òfin wọ̀nyí dára, mo sì fara mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń fi kún un, fáíbà kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fáíbà àlìkámà, àfi kí ó jẹ àlìkámà pẹ̀lú èèpo rẹ̀.

Bí a bá sì wọn méjèèjì kí a tó sè wọ́n, nínú gíráàmù 100 sìpàgẹ́tì funfun, nǹkan bí gíráàmù 3 ni fáíbà inú rẹ̀. Nínú ti odidi àlìkámà, ó máa ń tó gíráàmù 9, nígbà mìíràn ó máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìmọ̀ràn tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2023 pé ó yẹ kí àgbàlagbà máa rí ó kéré tán gíráàmù 25 fáíbà jẹ lójúmọ́ láti inú oúnjẹ gidi. Ẹni tó bá jẹ gíráàmù 80 sìpàgẹ́tì odidi ti rí nǹkan bí gíráàmù 7 nínú rẹ̀, ẹni tó jẹ ti funfun kò sì tíì rí 3. Àwọn àgbàlagbà tí ìgbẹ́ líle ń yọ lẹ́nu, tí wọ́n ń ra oríṣiríṣi àgúnmu kiri nítorí rẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn wọ́n gidigidi.

Ibì kan wà níbi tí mo fẹ́ kí a ṣọ́ra, nítorí mo ti rí àwọn tó ń jẹ oúnjẹ yìí bí ẹni ń lo oògùn. Sìpàgẹ́tì odidi àlìkámà kò sọ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kalẹ̀ ju ti funfun lọ tó bí àwọn ènìyàn ti rò. Àwọn onímọ̀ ní òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wo bí oúnjẹ ṣe ń yára gbé ṣúgà gòkè, tí glúkóòsì, irú ṣúgà tó ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, jẹ́ 100 lórí rẹ̀. Lórí òṣùwọ̀n yìí, búrẹ́dì funfun wà ní nǹkan bí 75, ìrẹsì funfun wà ní nǹkan bí 73, sìpàgẹ́tì funfun wà ní nǹkan bí 49, ti odidi àlìkámà sì wà ní nǹkan bí 48. Ẹ rí i pé ìyàtọ̀ àárín àwọn sìpàgẹ́tì méjèèjì kò tó nǹkan. Ìdí rẹ̀ ni pé pásítà, ìyẹn sìpàgẹ́tì àti àwọn oúnjẹ ẹgbẹ́ rẹ̀, ki, ó le. Àmúaradàgbà inú àlìkámà náà ti so mọ́ra bí àwọ̀n, ó sì há àwọn hóró ìyẹ̀fun mọ́ àárín, kí ó tó di pé inú wa tú wọn ká, ó ń gba àkókò. Ṣùgbọ́n bí a bá sè é jù, àwọ̀n náà ti já, ìyẹ̀fun náà ti wú, ṣúgà rẹ̀ a sì máa yára wọnú ẹ̀jẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Nítorí náà, ẹni tó ń ṣọ́ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ra sìpàgẹ́tì odidi ní ọ̀wọ́n gógó, tó wá sè é títí tí ó fi di ẹ̀kọ, tó sì jẹ odindi ìdajì ọ̀rá lẹ́ẹ̀kan, kò ṣe ara rẹ̀ lóore kankan. Ọ̀rá gíráàmù 500 tó fún ènìyàn mẹ́fà, bí ẹ̀fọ́ àti ẹja tó pọ̀ bá wà lára rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, ènìyàn mẹ́ta ló ń jẹ ẹ́ tán.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ìkòkò. Èèpo tó wà nínú ìyẹ̀fun odidi ló fà á tí sìpàgẹ́tì náà kò fi lè fara da ohun tí ti funfun ń fara dà. Wẹ́wẹ́ èèpo náà mú bí abẹ kéékèèké, ó ń gé àwọ̀n àmúaradàgbà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà okùn sìpàgẹ́tì náà kò gún régé tó ti funfun, bí ó bá sì ti kọjá àsìkò jíjinná rẹ̀ pẹ́ẹ́, wàrà ló ń já. Ti funfun lè pẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta sí i lórí iná kí ènìyàn má sì mọ̀. Ti odidi kò gba irú rẹ̀. Ó tún ń mu omi ju ti funfun lọ, pàápàá jù lọ lẹ́yìn tí ó bá ti jinná, ìdí nìyẹn tí ata tí a rò pé ó tó fi máa ń gbẹ sára rẹ̀ kí a tó gbé abọ́ dé orí tábìlì.

Bí mo ṣe ń sè é báyìí nìyí. Omi ni mo kọ́kọ́ ń rò. Fún ọ̀rá gíráàmù 500, mo ń gbé omi lítà márùn-ún kaná nínú ìkòkò ńlá. Ẹni tí ìkòkò rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ lè se ìdajì ọ̀rá nínú lítà méjì ààbọ̀, kí ó má ṣe fún un mọ́ inú omi díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ó ti ń lẹ̀ mọ́ra. Nígbà tí omi bá hó kùkùù ni mo tó fi iyọ̀ sí i, ṣíbí ìmu tíì kan fún lítà kọ̀ọ̀kan, àmọ́ nítorí baba wọn mo máa ń dín in kù sí ìdajì. Mo da sìpàgẹ́tì náà sí i láìdá a sí méjì, mo rò ó dáadáa ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, n kò sì bu òróró sínú omi náà, nítorí òróró kò jẹ́ kí ọbẹ̀ dì mọ́ ọn. Mo wo iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára ọ̀rá, nígbà tí ó bá sì ku ìṣẹ́jú méjì kí ó pé, mo mú okùn kan jáde, mo gé e, mo tọ́ ọ wò. Bí mo bá rí i pé àárín rẹ̀ ṣì le díẹ̀, bí ìgbà tí ẹ̀wà bá kù díẹ̀ kí ó jinná, àsìkò ti tó nìyẹn. Mo bu ife méjì nínú omi tí mo fi sè é sápá kan, mo da ìyókù nù nínú ajere, n kò sì fi omi tútù ṣàn án. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ni ìyá yín kọ́ láti máa ṣàn án, wọ́n kọ́ èmi náà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun tín-ín-rín tó wà lára rẹ̀ tí a ń ṣàn dànù yẹn gan-an ni ọbẹ̀ fi ń dì mọ́ ọn.

Láti inú ajere, ó di inú ọbẹ̀ tó ti wà nílẹ̀ tó ti jinná. Èyí ṣe pàtàkì. Ata kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jinná nígbà tí sìpàgẹ́tì odidi bá wà nínú rẹ̀. Mo din ata mi títí omi rẹ̀ fi fà tán, mo da sìpàgẹ́tì lé e, mo bu omi tí mo fi sápá kan sí i díẹ̀díẹ̀, mo fi amúga méjì gbé e sókè sódò fún ìṣẹ́jú méjì péré, mo sọ iná kalẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn jọ̀lọ́ọ̀fù sìpàgẹ́tì, tó sì fẹ́ kí ó pẹ́ díẹ̀ nínú ata, kí ó yọ ọ́ nínú omi ní ìṣẹ́jú mẹ́rin kí àsìkò rẹ̀ tó pé, kí ata náà sì ṣàn díẹ̀ ju bí ó ti ń ṣe é fún ti funfun.

Ọbẹ̀ tó yẹ ẹ́ náà tún yàtọ̀. Sìpàgẹ́tì odidi ní adùn tirẹ̀, ó jọ adùn ẹ̀pà yíyan tàbí ti àgbàdo sísun, ata tómátò tó dùn tí a fi tòmátò inú agolo ṣe kì í bá a lọ dáadáa. Ohun tó ní agbára ló ń fẹ́. Àwọn ará Fẹ́nísì ní orílẹ̀-èdè Ítálì ti mọ èyí tipẹ́. Wọ́n ní pásítà gbọọrọ kan tó ki ju sìpàgẹ́tì lọ tí wọ́n ń pè ní bigoli, ìyẹ̀fun odidi àlìkámà ni wọ́n sì fi ń ṣe é láyé àtijọ́. Ọbẹ̀ tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́ kò ní ju àlùbọ́sà, òróró ólífì àti ẹja kékeré tí a fi iyọ̀ pa: wọ́n á gé àlùbọ́sà púpọ̀ wẹ́wẹ́, wọ́n á fi iná jẹ́jẹ́ sè é títí yóò fi yọ́, wọ́n á wá fi ẹja náà sí i títí òun náà yóò fi yọ́ sínú rẹ̀. Àwọn ọjọ́ tí àwọn Kátólíìkì kì í jẹ ẹran ni wọ́n máa ń sè é jù, bí ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì àti ọjọ́ Jímọ̀ Rere. Nígbà tí mo kà nípa rẹ̀, ọkàn mi lọ sí ẹja ṣawá gbígbẹ àti irú. Àlùbọ́sà ńlá mẹ́fà ni mo gé, mo fi òróró díẹ̀ sè é lórí iná kékeré fún bí ìṣẹ́jú 30, mo dé e, mo ń rò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan títí tí ó fi rọ̀ tó sì dùn. Mo fi ṣíbí irú méjì sí i, ata rodo mẹ́ta tí mo gún, ẹja ṣawá gbígbẹ tí mo ti yọ egungun rẹ̀ tí mo sì ti fi omi gbóná fọ̀, àti ẹ̀kúnwọ́ mẹ́rin ẹ̀fọ́ ṣọkọ tí mo bọ̀ tí mo sì fún omi rẹ̀ dànù. Mo da sìpàgẹ́tì odidi lé e. Baba wọn jẹ abọ́ tirẹ̀ tán, ó sì béèrè ohun tí mo fi sè é. Láti ọjọ́ náà, kò béèrè àmàlà mọ́ ní alẹ́ tí mo bá se é.

Ẹ̀wà náà bá a mu dáadáa. Ẹ̀wà olóyin tí a sè tí kò fọ́, tí a fi epo pupa díẹ̀, àlùbọ́sà àti efinrin ro papọ̀ mọ́ sìpàgẹ́tì odidi, oúnjẹ ọ̀sán ni, ènìyàn kì yóò tún wá nǹkan kan jẹ títí di alẹ́.

Ní ti àwọn ọmọdé, mo rí i pé ipá kò ṣe é. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdá mẹ́rin: ìdá mẹ́ta funfun, ìdá kan odidi, mo sì ń fi kún ti odidi lóṣooṣù títí tí wọ́n fi wà ní ọgbọọgba. Ẹ má ṣe da méjèèjì sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà láìwo ara ọ̀rá wọn o, nítorí iye ìṣẹ́jú wọn kì í sábà dọ́gba. Ìkòkò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló dára, bí gáàsì bá sì wọ́n, kí a kọ́kọ́ da èyí tí yóò pẹ́ jù sí omi. Àgbàlagbà pàápàá ní láti rọra bẹ̀rẹ̀, nítorí inú tí kò mọ fáíbà tẹ́lẹ̀ a máa wú, a sì máa kùn. Kí omi mímu pọ̀ sí i bí fáíbà bá ti ń pọ̀ sí i. Ẹni tí dókítà ti sọ fún pé kí ó yẹra fún fáíbà nítorí àìsàn ìfun, tàbí ẹni tí ara rẹ̀ kò gba àlìkámà rárá, ọ̀rọ̀ mi yìí kò kàn án.

Owó rẹ̀ ni ibi tí ẹnu mi kò ti lè gún. Níbi tí mo ti ń rà á ní Ìbàdàn, iye rẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti funfun lọ, ilé ìtajà ńlá nìkan ni mo sì ti ń rí i, torí pé láti òkè òkun ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. N kò ní sọ fún ìyá tó ń fi owó ojúmọ́ bọ́ ọmọ márùn-ún pé kí ó lọ rà á. Ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìrẹsì ọ̀fàdà tí wọn kò bó tán, ó ní ẹ̀wà, ó ní ìyẹ̀fun odidi àlìkámà tí a ń rò bí àmàlà, ó sì lè fi eèrí díẹ̀ sílẹ̀ nínú ògì rẹ̀. Ẹni tó ti ń ra sìpàgẹ́tì ní gbogbo ọ̀sẹ̀, tí apá rẹ̀ sì ká a, ni mo ń bá sọ̀rọ̀, pé kí ó fi odidi rọ́pò lẹ́ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mẹta.

Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì ka ẹ̀yìn ọ̀rá kí ó tó sanwó. Mo ra ọ̀kan nílé ìtajà kan lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí iwájú rẹ̀ pé oríṣiríṣi ọkà ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n sì ya àwòrán ṣírì àlìkámà sí i. Nígbà tí mo délé tí mo ka ẹ̀yìn rẹ̀, ìyẹ̀fun àlìkámà tí a ti bó ló ṣáájú gbogbo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, odidi ọkà sì wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Bí ohun èlò ti pọ̀ tó nínú oúnjẹ ni wọ́n ń tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn lẹ́yìn ọ̀rá, èyí tó pọ̀ jù ní ń ṣáájú. Bí odidi àlìkámà kò bá ṣáájú, kì í ṣe sìpàgẹ́tì odidi. Kí ènìyàn sì wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ lára rẹ̀, kí ó má sì rà á pamọ́ fún ọdún kan, nítorí epo díẹ̀ wà nínú ojú ọ̀mùnú tí wọn kò yọ kúrò náà, nínú ooru ilẹ̀ wa epo yẹn a máa kan, oúnjẹ náà a sì máa ní òórùn epo àtijọ́. Inú ike tó ní ìdérí tó le ni mo ń tọ́jú tèmi sí, níbi tí oòrùn kò ti lè dé, a sì ń jẹ ẹ́ tán láàárín oṣù méjì.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo wá ń bẹ̀ yín, ẹ̀yin Olóòtú, kò ju ọ̀kan lọ. Ojú ìwé oúnjẹ yín máa ń kọ bí a ti ń se sìpàgẹ́tì lóríṣiríṣi, mo sì ti gé púpọ̀ nínú wọn pamọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń sọ pé kí a bọ̀ ọ́, kí a ṣàn án, kí a wá dà á sínú ata fún ìṣẹ́jú 15 tàbí 20, láìsọ irú sìpàgẹ́tì tí ọ̀rọ̀ náà wà fún. Bí ẹ bá tún ń kọ irú rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìlà méjì kún un fún ẹni tó ń lo odidi àlìkámà: iye omi tí yóò lò, àti ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ ọ wò. Bí ìlà méjì yẹn bá wà nínú ìwé ìròyìn yín ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, n kì bá tí fi oúnjẹ ọkọ mi sílẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù fún oṣù méjì.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì,
Ìbàdàn.